Mustang GT, Challenger R/T, Camaro SS: èwo ni kí ẹ rà bí ẹ ò bá lè dúró de èyí tó ń bọ̀?

Ní March 2023 ni General Motors (GM) kéde pé ọkọ̀ Camaro wọn máa dáwọ́ dúró lẹ́yìn ti ọdún 2024, wọ́n sì fi kún un pé ìtàn ọkọ̀ náà ò tíì parí. Gbólóhùn yẹn tó fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ láti máa ṣọ́nà. Dodge náà parí Challenger ìkẹyìn ní Brampton, Ontario, ní December ọdún kan náà. Charger onílẹ̀kùn méjì tó rọ́pò rẹ̀ kọ́kọ́ fi iná mànàmáná jáde, kó tó wá gba ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Mustang ti Ford nìkan ló ṣì ń jáde ní tuntun pẹ̀lú V8, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn sílíńdà mẹ́jọ, tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò sì ká tuntun, àárín àwọn tó ti padà wá lẹ́ẹ̀kan rí ni yóò ti ṣà á. Mustang ò fìgbà kan kúrò lójú ọjà, àmọ́ ti ọdún 2005 ló padà gbé ojú ìgbà 1960s wọ̀. Challenger dé ní 2008 pẹ̀lú SRT8, irú rẹ̀ tó lágbára jù, R/T tẹ̀lé e ní 2009. Camaro, tí ilé iṣẹ́ ti pa tì láti 2002, padà dé gẹ́gẹ́ bí ti ọdún 2010. Bí wọ́n ṣe rí lórí ìwé nìyí:

| | Mustang GT 2005–2009 | Challenger R/T 2009–2014 | Camaro SS 2010–2015 |
|---|---|---|---|
| Ẹ́ńjìnnì | V8, lítà 4.6 | V8 HEMI, lítà 5.7 | V8, lítà 6.2 |
| Agbára ẹṣin | 300 | 372 (ọ́tò), bíi 375 (máńúà) | 400 (ọ́tò), 426 (máńúà) |
| Ìwúwo | bíi 3,500 pọ́ùn | ó lé ní 4,000 pọ́ùn | bíi 3,860 pọ́ùn |
| Gígùn | bíi 188 íǹṣì | bíi 198 íǹṣì | bíi 190 íǹṣì |
| Búùtù, ní cubic feet | bíi 13 | bíi 16 | bíi 11 |
| Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì | quart 6, 5W-20 | quart 7, 5W-20 | quart 8, 5W-30 |
| Epo tí ilé iṣẹ́ ní kí ẹ lò (nọ́ḿbà octane) | 87 | 89 | 91 |

Iye ẹṣin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò, òun náà ló sì ń ṣì wọ́n lọ́nà. Ohun tó ń ya owó lára yín lẹ́yìn ọdún kan ni lifter (irin kékeré tó ń ti fáàfù ẹ́ńjìnnì ṣí), plọ́ọ̀gì, omi tó ń jò sínú ọkọ̀, àti irú jíà tó wà nínú rẹ̀. Ìdájọ́ tiwa nìyí ká tó tú u: ẹni tó mọ máńúà wà, kó ra Camaro SS. Ẹni tó ń gbé ọmọ tàbí àgbà sẹ́yìn, tó sì ń rìn jìnnà, kó ra Challenger. Ẹni tó fẹ́ máa fọwọ́ ara rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe, kó ra Mustang. Camaro SS ọlọ́tò ló kẹ́yìn lọ́dọ̀ wa.

Camaro SS: jíà ló ń sọ ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú gbogbo Camaro SS ìgbà yẹn. Rárá o. Èyí tó ní máńúà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ń lo LS3, èyí tó ní ọ́tò ń lo L99. Lítà 6.2 ni méjèèjì, bí ẹ bá sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìbejì ni wọ́n lójú. Ìyàtọ̀ wà nínú. L99 ní ètò tí GM ń pè ní Active Fuel Management. Bí ẹ bá ń rìn jẹ́ẹ́ lójú títì, kọ̀ǹpútà á darí ọ́ìlì sí lifter sílíńdà 1, 4, 6 àti 7, àwọn píìnì kéékèèké inú wọn á wọlé, fáàfù ò ní ṣí mọ́, ọkọ̀ á wá máa fi sílíńdà mẹ́rin rìn kó lè dín epo kù.

Píìnì wọ̀nyẹn ni àárẹ̀ rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá dọ̀tí tàbí tó lọ sílẹ̀, píìnì á há, lifter á wálẹ̀ kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́, sílíńdà yẹn á kú. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kó-kó-kó lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ á máa gbọ̀n, síkánà (ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀) á sì kọ kóòdù P0300 tàbí nọ́ḿbà sílíńdà tó ṣàìsí. Bí ẹni tó ni ín bá ṣì ń wà á bẹ́ẹ̀, róólà ìdí lifter á bẹ̀rẹ̀ sí í họ camshaft, ọ̀pá tó ń yí tó sì ń ti lifter sókè. Kí wọ́n tó lè dé ibẹ̀, tọ́ọ̀pù sílíńdà méjèèjì gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹni tó bá ti tú u débẹ̀ tó wá pàrọ̀ lifter kan ṣoṣo, iṣẹ́ méjì ló fẹ́ ṣe: gbogbo lifter 16 ni kó pàrọ̀, pẹ̀lú gáásìkẹ́ẹ̀tì tuntun, àti bóòtù tọ́ọ̀pù tuntun, nítorí àlòkù rẹ̀ kì í di ìdè bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ihò síkánà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bọ́ sí sílíńdà mẹ́rin. Ó wúlò fún L99 tí ara rẹ̀ ṣì le. Kì í wo èyí tó ti ń kó-kó-kó sàn, torí náà bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ti kì í bọ̀ ọ́, ẹ bi í léèrè ìgbà tó kì í àti ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

LS3 ò ní ètò yẹn rárá. Àárẹ̀ tiẹ̀ wà ní kílọ́ọ̀ṣì. Sílíńdà tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì wà nínú ikùn jíà, kò sí níta. Bí ó bá jò, àfi kí wọ́n sọ jíà kalẹ̀. Inú ike ọ́ìlì bíréèkì ló ti ń mu. Ẹ ṣí ike yẹn: ọ́ìlì tó dúdú bíi kọfí fi hàn pé eruku kílọ́ọ̀ṣì ti wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wà á, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré dáadáa ní jíà kejì, kí ẹ sì yí i sí ìkẹta. Bí pẹ́dà bá rọ̀ tàbí tó sùn sílẹ̀ kò dìde, ẹ ti rí ohun tí ẹ máa fi dín owó kù.

Ohun kan tún kù tó kan gbogbo Camaro 2010 sí 2014. Ní June 2014, GM pe 511,528 nínú wọn padà nítorí kọ́kọ́rọ́: èyí tó ń ká bọ inú rìmóòtù bí ọ̀bẹ. Orúnkún awakọ̀ lè kan án kó sì pa ẹ́ńjìnnì lójú eré. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ya kọ́kọ́rọ́ kúrò lára rìmóòtù. Bí èyí tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́ bá ṣì ń ká, wọn ò tíì tún un ṣe.

V6 inú Camaro ìgbà náà ò sí nínú tábìlì wa, ṣùgbọ́n nítorí àwọn tó ń wá ọkọ̀ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́: ti 2012 wá sókè ni kí ẹ rà. Ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì ti 2010 àti 2011 máa ń gùn bí wọ́n bá fi ọ́ìlì jáfara, P0008 tàbí P0017 lójú síkánà ni àmì rẹ̀.

Challenger R/T: ẹ mọ ìró tí ẹ ń gbọ́

Gbogbo ẹni tó ti wá HEMI (orúkọ tí Dodge ń pe V8 yìí) rà ló ti gbọ́ nípa "tick", ìró tì-tì-tì inú ẹ́ńjìnnì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun méjì ló ń dún bẹ́ẹ̀, ọ̀kan kéré, èkejì sì lè gba owó ẹ́ńjìnnì.

Èkíní ni bóòtù tó mú mánífóòlù sàlẹ́ńsà mọ́ tọ́ọ̀pù. Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá ló sábà máa ń já, torí mánífóòlù ń gùn tó sì ń súnkì bí ó ti ń gbóná tó ń tutù. Èéfín á máa gba ibẹ̀ jáde, á máa dún tì-tì-tì ní òwúrọ̀. Bí irin bá gbóná, ó máa ń wú, ihò á dí, ìró á dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Èyí ṣeé gbé pẹ̀lú fún ìgbà díẹ̀.

Èkejì ni lifter, pàápàá róólà tó ti há tó sì ń gbẹ́ camshaft. Èyí kì í dákẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Á tún máa le sí i, ẹ sì lè rí eruku irin nínú ọ́ìlì. Tọ́ọ̀pù á ṣí, camshaft á jáde. Challenger ọlọ́tò ní ètò sílíńdà mẹ́rin bíi ti L99, sílíńdà 1, 4, 6 àti 7 náà ni wọ́n ń pa. R/T máńúà ò ní in. Ẹ má torí ìyẹn rò pé máńúà bọ́ pátápátá o, lifter lásán náà ti jẹ camshaft HEMI rí. Ohun tó ń dín ewu kù ni ọ́ìlì tó péye lásìkò, àti kí wọ́n má máa tan ọkọ̀ sílẹ̀ fún wákàtí gbọọrọ láì rìn.

Nítorí náà, ìgbà tí ọkọ̀ bá tutù nìkan ni àyẹ̀wò Challenger wúlò. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á kó má tan án kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá dé, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ ní ẹ máa padà wá lọ́la. Ẹ tan án, ẹ jẹ́ kó wà ní títàn láì rìn fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú lápá ọ̀tún, kí èkejì dúró lápá òsì, kí wọ́n máa gbọ́ ìró náà.

Jíà ọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó wà nínú rẹ̀ títí di 2014 wá láti ọwọ́ Mercedes, nígbà tí Daimler ṣì ni Chrysler. Jíà náà le, àmọ́ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì kò sí nínú rẹ̀, ibi tí plọ́ọ̀gì wáyà ti wọlé sì máa ń jò. Ọ́ìlì á máa gba inú wáyà gòkè lọ títí dé kọ̀ǹpútà jíà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ jíà, ẹ wò ó bóyá ó tutù. Níwájú, ẹ tẹ bíréèkì lójijì níbi tí ẹ ti ń rìn díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ gbọ̀ọ̀, búùṣì apá ìsàlẹ̀ ti lọ. Plọ́ọ̀gì HEMI jẹ́ 16, méjì fún sílíńdà kan. Ẹ kà á mọ́ owó iṣẹ́.

Ní November 2022 ni wọ́n sọ fún àwọn tó ni Challenger títí dé ti 2010 tí áàbáàgì Takata wọn (èyí tó lè bú gbàmù mọ́ èèyàn) kò tíì di tuntun pé kí wọ́n má wà á rárá. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Mustang ìgbà yẹn náà wà nínú ọ̀rọ̀ Takata. Ẹ tẹ nọ́ḿbà VIN (nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ọkọ̀) sí nhtsa.gov/recalls kí ẹ tó kúrò nílé. Ọ̀fẹ́ ni, àtúnṣe rẹ̀ náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Mustang GT: plọ́ọ̀gì àti omi

Mustang ló rọrùn jù láti tún ṣe, òun sì ni ẹ̀yà ara rẹ̀ pọ̀ jù ní àgbàlá àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ títí dé ọdún 2014, nígbà tí táyà ẹ̀yìn Challenger àti Camaro ń dá rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá wọ kòtò nígbà tí ẹ ń yà, ìdí Mustang á fò díẹ̀. Àwọn tó ń sáré lójú ọ̀nà títọ́ ò bínú sí i.

Ẹ́ńjìnnì 4.6 ti 2005 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008 ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ege méjì ni wọ́n fi ṣe plọ́ọ̀gì rẹ̀, ẹnu rẹ̀ gùn wọ inú tọ́ọ̀pù, kábọ́ọ̀nù sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára fà á, òkè á jáde, ìsàlẹ̀ á kù sínú. Bí ẹ bá ń tú u:

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátá. Ẹ fẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú kòtò plọ́ọ̀gì.
2. Ẹ tú u díẹ̀, kó má ju ìdá mẹ́rin yíyí kan lọ.
3. Ẹ fún ọṣẹ kábúrétọ̀ sínú kòtò náà títí tó fi bo ibi tí sípánà ń dì mú. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Tó bá di òru mọ́jú, ó tún dára jù.
4. Ẹ máa yí i síwá sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má lo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Bí ó bá ń ké, ẹ dá a padà, kí ẹ tún bu ọṣẹ sí i.
5. Kí tuntun tó wọlé, ẹ fi gírísì nickel pa ẹnu gígùn yẹn, kì í ṣe eyín ibi tí wọ́n ti ń yí i wọlé.

Èyí tó bá já, irinṣẹ́ Lisle 65600 ni wọ́n fi ń fà á jáde láì tú tọ́ọ̀pù. Bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá ní ìwé pé wọ́n ti pàrọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, owó ọkọ̀ yẹn lè fi díẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó tọ́ sí i.

Omi ni èkejì. Rọ́bà tó wà lábẹ́ wáípà lápá èrò ọ̀tún máa ń ṣí, ewé á sì dí ibi tí omi ń gbà. Òjò á wá jò sórí àpótí fíúùsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ èrò náà. Àwọn àmì rẹ̀ máa ń ya èèyàn lẹ́nu: wáípà tó ń dá ṣiṣẹ́, iná tó kọ̀ tí kò kú, bátìrì tó ń kú lóru. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ọ̀tún sókè, ẹ fi ọwọ́ kan fóòmù ìsàlẹ̀. Òkè lè gbẹ kí ìsàlẹ̀ ṣì rin. Ẹ tún wo etí iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Aluminium ni, ọ̀dà ibẹ̀ máa ń wú bíi irorẹ́.

Bí owó bá gbé e, ẹ fo 2005 sí 2010, kí ẹ lọ sí 2011 sí 2014. Lítà 5.0 tó ní 412 agbára ẹṣin (420 láti 2013) ló wà níbẹ̀, kò sí ìṣòro plọ́ọ̀gì tí a sọ, epo 87 sì tó o. Àárẹ̀ tiẹ̀ ni máńúà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà MT82: bí ó bá tutù, ó lè kọ̀ láti wọ jíà kejì. Ẹ dán an wò kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Èyí tí wọ́n ti so supercharger (ẹ̀rọ tó ń fi ipá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) mọ́, ẹ béèrè bóyá wọ́n pàrọ̀ jíà inú pọ́ǹpù ọ́ìlì; ti ilé iṣẹ́ máa ń fọ́ lábẹ́ agbára tó pọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ó ṣe rí láti máa gbé pẹ̀lú wọn

Ẹ jókòó sínú Camaro kí ẹ tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kéré, òrùlé rẹ̀ lọ sílẹ̀, iná tírááfíìkì tó wà lókè lè pòórá lójú yín bí ẹ bá dúró sábẹ́ rẹ̀. Ẹnu búùtù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí báàgì ńlá kan lè kọ̀ láti wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè wà nínú. Àgbàlagbà lè jókòó sẹ́yìn Challenger láti Houston dé Dallas. Nínú Mustang, ọmọdé ni. Nínú Camaro, báàgì ni.

Táyà Camaro SS jẹ́ rímù 20, iwájú 245/45, ẹ̀yìn 275/40. Nítorí pé wọn ò dọ́gba, ẹ ò lè gbé ti iwájú sẹ́yìn kí wọ́n lè jẹ dọ́gba, ti ẹ̀yìn á sì tètè parí. Ẹ ka nọ́ḿbà mẹ́rin ìkẹyìn lẹ́yìn DOT lára táyà: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2018. Táyà tí eyín rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tó ti gbó ló ń yọ̀ jù lójú òjò.

Ọ̀rọ̀ ìbánigbófò (insurance) náà kì í ṣe kékeré. Àwọn olè fẹ́ràn HEMI. Nínú ìròyìn tí HLDI, àjọ tó ń ṣèwádìí àdánù ọkọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2023, Charger SRT Hellcat ló wà lókè pátápátá nínú àwọn tí wọ́n ń jí. R/T ò burú tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹ fi VIN béèrè owó ìbánigbófò kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Fún ẹni tó ní i lọ́kàn láti fi ránṣẹ́ sí Èkó: Challenger ló ní àǹfààní, torí ó ń bá Charger àti Chrysler 300 lo ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara, Chrysler 300 kì í sì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Nọ́ḿbà epo pẹ̀lú, ẹ má jẹ́ kó tàn yín: 91 lára pọ́ǹpù Amẹ́ríkà dà bíi 95 ní ìṣirò RON tí ayé tó kù ń lò, 87 sì sún mọ́ 91. Mustang ló máa rọrùn jù láti fún ní epo, Camaro ló máa ṣòro jù.

Àwọn tó fẹ́ dúró

Camaro tí wọ́n fi àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn níbi ìpàtẹ ọkọ̀ Detroit ní January 2006 kò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Oshawa títí di March 2009. Ọdún mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni GM wọ ilé ẹjọ́ láti wá ààbò lọ́wọ́ gbèsè. Pontiac GTO, ọkọ̀ GM mìíràn, ti padà wá ṣáájú wọn, láti 2004 sí 2006, láti Australia níbi tí Holden ti ń ṣe é. Ó ní 400 agbára ẹṣin láti 2005, àmọ́ kò jọ GTO àtijọ́ rárá, àwọn tó ti ń retí rẹ̀ sì kọ̀ ọ́. Ní tiwa, ó dára ju orúkọ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Holden ti dẹ́kun ṣíṣe ọkọ̀ ní 2017, pánẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ sì ti di ohun tí wọ́n ń wá kiri.

Ẹ má ra ti ọdún àkọ́kọ́ bí Camaro tuntun bá jáde, bí ẹ bá lè mú sùúrù ọdún kan sí i. Mustang 2005 àti V6 Camaro 2010 ti fi ìdí rẹ̀ hàn. Bí ẹ ò bá lè mú un mọ́ra, ẹ má san ìdógò lẹ́nu lásán. Kí ìwé sọ pé owó náà ṣeé gbà padà, kí iye tí ilé ìtajà máa fi kún owó tí ilé iṣẹ́ kọ sára ọkọ̀ wà níbẹ̀ ní dọ́là, kódà bó bá jẹ́ òdo, kí irú ẹ́ńjìnnì àti jíà tí ẹ ń dúró dè sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.